Ẹ̀dà Ohùn: Àwọn Ìbéèrè Tó Ń Wá Lemọ́lemọ́ àti Ìdáhùn Wọn

Ìbéèrè kan náà ló ń tọ̀ mí wá látẹnu onírúurú ènìyàn: àwọn tó ń ka ìpolówó ọjà lórí rédíò, àwọn ìyá tí ọmọ wọn wà lókè òkun, àwọn tó fẹ́ tún gbọ́ ohùn òkú wọn. Mo kó wọn jọ síbí kí ẹni tó bá ń wá ìdáhùn lè rí i lójú kan.

Kí ni ẹ̀dà ohùn?

Ohùn ẹnìkan pàtó ni, tí ẹ̀rọ AI kọ́ títí ó fi lè fi ohùn náà sọ ọ̀rọ̀ tí ẹni náà kò sọ rí. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ẹ̀rọ á kà á jáde bí ẹni pé ẹni náà ló jókòó síwájú yín: bí ohùn rẹ̀ ṣe rinlẹ̀ tó, bó ṣe ń mí láàárín ọ̀rọ̀, bó ṣe ń fa ìparí gbólóhùn.

Àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ máa ń gé ohùn tí a gbà sílẹ̀ sí wẹ́wẹ́, wọ́n á sì tò ó pọ̀. Ní 2016, ilé-iṣẹ́ DeepMind ní Lọ́ńdọ̀nù gbé WaveNet jáde, èyí tó ń dá ìró náà fúnra rẹ̀ ní díẹ̀díẹ̀. Láti ìgbà náà ni ẹ̀rọ ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn kó lè mọ bí ohùn ènìyàn ṣe ń rí lápapọ̀. Tí ẹ bá wá fún un ní ohùn tiyín ní ìwọ̀nba, ohun tó yà yín sọ́tọ̀ nìkan ló kù fún un láti mú.

Ṣé ó yàtọ̀ sí kí ènìyàn máa sín ohùn ẹlòmíràn jẹ?

Ó yàtọ̀ gan-an. Aláwàdà tó ń sín gómìnà jẹ dúró síwájú wa, a sì mọ̀ pé òun kọ́ ni gómìnà. Odídẹrẹ́ náà ń fi ohùn olówó rẹ̀ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ohun tó bá gbọ́ nìkan ló lè tún wí. Ẹ̀rọ yìí kì í tún ọ̀rọ̀ wí. Ohùn nìkan ló gbà lọ́wọ́ yín. Ọ̀rọ̀ tí yóò sọ wà lọ́wọ́ ẹni tó bá ń tẹ̀ ẹ́.

Tẹ́lẹ̀, ibi tí ohùn ènìyàn bá ti dún, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló ń dún níbẹ̀. Bí ẹnìkan bá kanlẹ̀kùn tí ẹ bi í pé, “Ta nìyẹn?”, ohun tó máa ń sọ ni, “Èmi ni.” Kò dárúkọ. Ohùn rẹ̀ ni orúkọ rẹ̀, a sì ń ṣí ilẹ̀kùn fún un. Ẹ̀rọ yìí ti ya ohùn kúrò lára ọ̀rọ̀, ohun tó sì ń kó ìdààmú bá wa nìyẹn.

Ohùn tó gùn tó wo ni ẹ̀rọ nílò láti da tèmi kọ?

Kò tó bí ọ̀pọ̀ ṣe rò. Ní 2017, ilé-iṣẹ́ Lyrebird ní Montreal, ní Kánádà, ní ìṣẹ́jú kan ti tó. Ní oṣù kìíní 2023, àwọn olùwádìí Microsoft fi ẹ̀rọ wọn, VALL-E, hàn, ìṣẹ́jú-àáyá 3 sì tó fún un. Ní oṣù kẹta 2024, OpenAI, ilé-iṣẹ́ tó ṣe ChatGPT, ní ìṣẹ́jú-àáyá 15 ni Voice Engine, ẹ̀rọ tiwọn, ń fẹ́, wọn kò sì ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn nítorí ewu tó wà níbẹ̀.

Ìṣẹ́jú-àáyá 3 kò ju ìkíni lọ. “Ẹ káàárọ̀ o, ṣé dáadáa lẹ jí?” ti tó o. Ẹ̀rí tí ẹ jẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n gbé sórí Facebook, voice note tí ẹ fi sí ẹgbẹ́ mọ̀lẹ́bí lórí WhatsApp, fídíò ọjọ́ ìkómọ, gbogbo rẹ̀ tó. Nítorí náà, kí a má tan ara wa pé a lè fi ohùn wa pamọ́.

Ṣé ó lè sọ Yorùbá?

Ó ń sọ ọ́, ó sì ń kọsẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ yìí fi kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ. 60,000 wákàtí ohùn Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kó fún VALL-E. Ní 2023, Meta, ilé-iṣẹ́ tó ni Facebook, gbé iṣẹ́ kan jáde tó kó èdè tó lé ní 1,100 mọ́ra, Yorùbá sì wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n Májẹ̀mú Tuntun tí wọ́n kà sílẹ̀ ní oríṣiríṣi èdè ni wọ́n fi kọ́ ọ jù. Ẹni tó bá kọ́ Yorùbá láti inú Májẹ̀mú Tuntun nìkan kò ní mọ bí a ṣe ń nájà ní Bódìjà.

Àmì ohùn ló ń dà á láàmú jù. Igba, igbá, ìgbà, ìgbá, igbà: lẹ́tà kan náà ni, ọ̀rọ̀ márùn-ún ni. Bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wa kì í fi àmì sí ohun tí a ń tẹ̀ lórí fóònù. Ẹ tẹ “oko mi ti de” fún ẹ̀rọ láìsí àmì, kò ní mọ̀ bóyá ọkọ yín ló dé tàbí ọkọ̀ yín. Yóò méfò, yóò sì fi ohùn yín sọ èyí tó bá méfò.

Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé “ohùn” kan náà ni a ń pe méjèèjì ní èdè wa: ohùn tí a fi ń mọ ènìyàn, àti ohùn òkè, ohùn àárín, ohùn ìsàlẹ̀ tí a fi ń mọ ọ̀rọ̀. Àyàn tó ń lu dùndún mú èkejì láìní ti àkọ́kọ́. Pẹ̀lú awọ àti kọ̀ǹgọ́ lásán, ó ń ki ènìyàn, ẹni tí ó ń kì sì ń wú. Ẹ̀rọ wá mú ti àkọ́kọ́, ó ń ṣi ti èkejì mú. Bí oníjìbìtì bá ń fi ohùn ọmọ yín pè yín, tó sì ń ṣi orúkọ àdúgbò yín pè, ẹ fura. Ṣùgbọ́n ẹ má fi èyí ṣe ààbò, nítorí Gẹ̀ẹ́sì ni púpọ̀ nínú wọn yóò sọ, tàbí kí wọ́n kàn máa sunkún.

Iṣẹ́ ohùn ni mò ń ṣe. Ilé-iṣẹ́ kan fẹ́ ra ẹ̀dà ohùn mi. Ṣé kí n tà á?

Ẹ má tà á pátápátá. Ẹ lè yá wọn. Kí àdéhùn sọ ọdún tí wọn yóò fi lò ó, irú iṣẹ́ tí wọn yóò fi ṣe, iye tí ẹ ó máa gbà ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá lò ó, àti pé wọn yóò pa á rẹ́ nígbà tí àkókò bá pé. Kí ó hàn kedere pé wọn kò gbọ́dọ̀ fi polówó olóṣèlú, oògùn tàbí tẹ́tẹ́ láìgbàṣẹ lọ́wọ́ yín. Bí wọ́n bá kọ “títí ayé” síbẹ̀, ẹ má fọwọ́ sí i, bó ti wù kí owó náà pọ̀ tó.

Àwọn òṣèré Amẹ́ríkà nínú ẹgbẹ́ SAG-AFTRA da iṣẹ́ sílẹ̀ fún 118 ọjọ́ ní 2023, ọ̀kan pàtàkì nínú ohun tí wọ́n ń jà fún sì ni pé kí a má fi ẹ̀rọ da ẹnikẹ́ni kọ láìgbàṣẹ rẹ̀ àti láìsanwó. Àwa tí a kò ní irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó tún ṣọ́ra jù.

Ta ló ń ṣe láǹfààní?

Ẹni tí àìsàn gba ohùn lọ́wọ́ rẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí. Àrùn jẹjẹrẹ gba ohùn Roger Ebert, gbajúmọ̀ tó ń kọ àgbéyẹ̀wò fíìmù ní Chicago, ní 2006. Ilé-iṣẹ́ CereProc ní Edinburgh kó ohùn rẹ̀ jọ láti inú àlàyé tó ti ṣe sórí àwọn fíìmù, ó sì fi ohùn náà sọ̀rọ̀ lórí ètò Oprah Winfrey ní 2010, tòun ti ìyàwó rẹ̀ níbẹ̀. Ní oṣù keje 2024, Jennifer Wexton, aṣòfin Amẹ́ríkà tí àìsàn ọpọlọ kan ti ba ọ̀rọ̀ sísọ rẹ̀ jẹ́, fi ẹ̀dà ohùn rẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú Ilé Aṣòfin.

Bí dókítà bá ti sọ fún ẹnìkan nínú ẹbí yín pé àìsàn rẹ̀ lè mú ohùn rẹ̀ lọ, ẹ má dúró. Ẹ gbà á sílẹ̀ nísinsìnyí, ní yàrá tó dákẹ́, kí ó máa ka ìwé, kí ó máa rẹ́rìn-ín. Láti 2023 ni Apple ti fi irú rẹ̀ sórí fóònù wọn: nígbà tó kọ́kọ́ jáde, ìwọ̀n ìṣẹ́jú 15 ni ènìyàn fi ń ka gbólóhùn tí fóònù bá gbé síwájú rẹ̀, orí fóònù náà ni ẹ̀dà sì ti ń di ṣíṣe.

Ẹni tó ń fi ẹ̀rọ sọ̀rọ̀, ṣé òun náà ló ń sọ̀rọ̀?

Bẹ́ẹ̀ ni. Stephen Hawking, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Cambridge, pàdánù ohùn rẹ̀ ní 1985 nígbà tí wọ́n dá ọ̀nà sí i lọ́fun kó lè mí. Ohùn ẹ̀rọ tí gbogbo ayé wá mọ̀ mọ́ ọn kì í ṣe tirẹ̀ rárá. Dennis Klatt, olùwádìí kan ní yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà, ló fi ohùn ara rẹ̀ ṣe àwòṣe rẹ̀. Bí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ṣe wá ń sọ̀rọ̀ bí ará Amẹ́ríkà nìyẹn. Nígbà tí ohùn tó dán mọ́rán jù ú lọ dé, Hawking kò gbà á. Èyí ti di òun.

Klatt kú ní 1988, Hawking sì ń fi ohùn náà sọ̀rọ̀ títí ó fi kú ní 2018. Nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn ikú ẹni tó ni ohùn ni, kò sì sí ẹni tó rò pé Klatt ló ń sọ̀rọ̀. Hawking ló yan ọ̀rọ̀ náà, òun ló sì ń dáhùn fún un bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ bá a jiyàn. Ìwọ̀n tí èmi fi ń wọn gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn: ta ló yan ọ̀rọ̀, ta ni yóò sì dáhùn fún un?

Ohùn ọmọ mi pè mí, ó ń sunkún, ó ní kí n fi owó ránṣẹ́ kíákíá. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ pa ìpè náà. Ẹ má bá a jiyàn. Ẹ fi ọwọ́ ara yín tẹ nọ́ńbà tí ẹ ti mọ̀ mọ́ ọmọ yín tẹ́lẹ̀. Bí kò bá gbé e, ẹ pe ìyàwó rẹ̀, ẹ pe ẹni tí wọ́n jọ ń gbé. Mo mọ̀ pé ara ìyá kì í gbà á. Ìdí tí wọ́n fi ń jẹ́ kí ohùn náà sunkún nìyẹn, kí ẹ má baà ráyè ronú.

Kì í ṣe àwọn àgbà tí kò mọ kọ̀ǹpútà nìkan ni wọ́n ń mú. Ní 2019, olórí ilé-iṣẹ́ iná kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi €220,000 ránṣẹ́ nítorí pé ó gbọ́ ohùn ọ̀gá rẹ̀ tó wà ní Jámánì, títí kan bí ọ̀gá náà ṣe ń fi ahọ́n Jámánì sọ Gẹ̀ẹ́sì.

Kí mọ̀lẹ́bí ní ọ̀rọ̀ àṣírí kan tí ẹ kò kọ sí ibikíbi, tí ẹ sọ létí ara yín nígbà tí ẹ wà pọ̀. Àwọn ilé tó mọ ẹnà sọ ti ní tiwọn. Ẹ fi ẹnà bi í ní ìbéèrè, kó fi ẹnà dáhùn. Ẹ má lo oríkì. Ó ti pẹ́ tí Àjọkẹ́ àti Àkànní ti wà lábẹ́ àwòrán ọjọ́ ìbí wa lórí Facebook. Bí ohùn kan bá sì sọ fún yín lórí fóònù pé “èmi ni”, ẹ béèrè pé, “Ìwọ ta ni?” Ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín láti béèrè lọ́wọ́ ọmọ tí ẹ bí.

Báńkì mi ní Lọ́ńdọ̀nù ń fi ohùn dá mi mọ̀. Ṣé kí n jẹ́ kó máa bá a lọ?

Ẹ ní kí wọ́n pa á. Ní oṣù kejì 2023, oníròyìn kan fi ẹ̀dà ohùn ara rẹ̀ wọ àkáǹtì ara rẹ̀ ní báńkì kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti fi hàn pé ó ṣeé ṣe.

Kí ni òfin wí?

Ní Nàìjíríà, òfin méjì ló sún mọ́ ọn jù. Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti 2023 ka àmì ara tí a fi ń dá ènìyàn mọ̀ sí ohun tó nílò ààbò pàtàkì. Òfin Ìwà Ọ̀daràn Orí Íntánẹ́ẹ̀tì ti 2015 sì ka fífi orúkọ tàbí ìrísí ẹlòmíràn lu jìbìtì sí ẹ̀ṣẹ̀. Bí wọ́n bá fi ohùn yín ṣe ibi, ẹ tọ́jú ohùn náà, ọjọ́ àti nọ́ńbà tó pè, kí ẹ tó lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá.

Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ Tennessee, níbi tí orin ti jẹ́ iṣẹ́ ńlá, ṣe òfin kan ní oṣù kẹta 2024 tó dárúkọ ohùn ní tààrà. Ní oṣù kìíní ọdún yẹn, ohùn ayédèrú Ààrẹ Biden ti pe àwọn olùdìbò ní New Hampshire pé kí wọ́n má jáde dìbò. Ìjọba ní kí ẹni tó ṣètò rẹ̀ san owó ìtanràn $6,000,000, wọ́n sì kéde pé ohùn AI nínú ìpè tí ẹ̀rọ ń pe fúnra rẹ̀, tí ẹni tí wọ́n pè kò fọwọ́ sí, lòdì sófin.

Bí ohùn ẹlòmíràn bá kàn jọ tèmi ńkọ́?

Ìbéèrè yìí le. Táíwò àti Kẹ́hìndé lè ní ohùn kan náà, kò sì sí ẹni tó lè ní kí ọ̀kan dákẹ́. Ohun tí mo ń wò ni èrò ẹni tó lò ó. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ìpolówó fún Ford bẹ akọrin Bette Midler, ó kọ̀. Wọ́n wá lọ bá obìnrin tó ti máa ń gberin lẹ́yìn rẹ̀ pé kó kọ ọ́ bíi tirẹ̀ gẹ́lẹ́. Ní 1988, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní ohùn jẹ́ ti ara ẹni bí ojú ṣe jẹ́ ti ara ẹni, Midler sì gba $400,000. Kò sí AI nínú ọ̀rọ̀ yẹn rárá. Ènìyàn ló sín in jẹ.

Ní oṣù karùn-ún 2024, òṣèré Scarlett Johansson ní OpenAI ti bẹ òun fún ohùn òun, òun kọ̀, ohùn kan tó jọ tòun sì tún jáde. Ilé-iṣẹ́ náà ní òṣèré mìíràn ló ni ohùn náà, kì í ṣe ẹ̀dà tirẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n fà á sẹ́yìn. Lójú tèmi, ẹni tí a bẹ̀ tí ó kọ̀, kí a má wá ẹni tó jọ ọ́.

Bí gbogbo ohùn bá lè jẹ́ ayédèrú, ǹjẹ́ àwọn aṣebi kò ní máa sẹ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ lóòótọ́?

Wọn yóò máa sẹ́ ẹ, wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìdìbò 2023 ní Nàìjíríà, ohùn kan tí wọ́n ní ó jẹ́ ti olóṣèlú kan àti àlùfáà kan tàn kálẹ̀. Àwọn kan ní ayédèrú ni, àwọn kan ní òótọ́ ni, kálukú sì gba èyí tó bá ti ẹgbẹ́ rẹ̀ mu. Ẹ̀rù èyí bà mí ju ti jìbìtì lọ. Owó tó lọ ṣeé wá padà.

Ohun tó kù fún wa ni ẹlẹ́rìí. Ta ló wà níbẹ̀? Ta ló gbà á sílẹ̀, ṣé yóò jáde wá sọ pé òun ni? Ohùn tí kò ní ẹni tó gbé e wá, ẹ má bá wọn pín in kiri.

Ìyá mi ti kú, mo ní voice note rẹ̀. Ṣé kí n jẹ́ kí ẹ̀rọ fi ohùn rẹ̀ bá mi sọ̀rọ̀?

Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é, àfi bí ó bá fọwọ́ sí i nígbà ayé rẹ̀. James Earl Jones, òṣèré Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí i kí ó tó kú ní 2024: ó gbà kí ilé-iṣẹ́ Respeecher ní Yukréìn máa lo ohùn rẹ̀ fún Darth Vader, ẹ̀dá inú fíìmù Star Wars tí ayé mọ̀ ọ́n mọ́. Ti Anthony Bourdain, tó máa ń rìn kiri ayé jẹun lórí tẹlifíṣọ̀n, kò rí bẹ́ẹ̀. Ó kú ní 2018. Fíìmù kan nípa rẹ̀ ní 2021 fi ẹ̀dà ohùn rẹ̀ ka ọ̀rọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ kọ. Inú ọ̀pọ̀ bàjẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni, nítorí pé wọn kò sọ fún àwọn tó ń wò ó.

Àwa náà ní ọ̀nà tí òkú fi ń bá alààyè sọ̀rọ̀. Egúngún ń jáde, ó ń fi ohùn ará ọ̀run súre, a ń kúnlẹ̀ gbà á. Ṣùgbọ́n ó ní ọjọ́, ó ní èèwọ̀, ó ní àwọn tó ń dáhùn fún un, ó sì ń wọlé padà. Ẹ̀rọ orí fóònù kì í wọlé.

Nígbà tí a sin ìyá yín, ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan sọ fún un pé kó má jọ̀kùn, kó má jekòló, ohun tí wọ́n bá ń jẹ lájùlé ọ̀run ni kó bá wọn jẹ. A ti yọ̀ǹda rẹ̀. Ẹ gbọ́ voice note yín bí ọkàn yín bá ti fẹ́, nítorí òun ló sọ ìyẹn. Èyí tí ẹ̀rọ bá sọ, kò sí ẹni tó sọ ọ́.

Bí ohùn mi bá ń sọ ohun tí n kò sọ, ǹjẹ́ èmi ṣì ni mo ni ara mi?

Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ èyí ná. Nígbà tí ẹ bá gbọ́ ohùn ara yín lórí fóònù, ó máa ń ṣàjèjì sí yín, nítorí pé ohùn tí ẹ ń gbọ́ bí ẹ ṣe ń sọ̀rọ̀ ń gba inú egungun orí yín kọjá, ó sì ń ki sí i. Ẹlòmíràn kò gbọ́ ìyẹn rí. Ohùn tí ayé mọ̀ yín mọ́ ni ẹ̀rọ lè jí. Èyí tí ẹ fi ń gbọ́ ara yín kò sí nínú fóònù kankan.

Síbẹ̀, mi ò ní sọ fún obìnrin tí wọ́n fi ohùn rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ rírùn pé kó má bínú, òun kọ́. Ohùn ti inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ wá, ó gba ọ̀fun àti eyín rẹ̀ kọjá. Ara rẹ̀ ni wọ́n fọwọ́ kàn. Kí àwọn tó yí i ká sọ ọ́ síta ní gbangba pé kì í ṣe òun ló sọ ọ́, kí wọ́n má dúró dìgbà tí òun yóò máa wí àwíjàre.

Ọmọ mi fẹ́ gba ohùn mi sílẹ̀ nítorí ọjọ́ iwájú. Ṣé kí n gbà?

Ẹ gbà. Gbígba ohùn sílẹ̀ kì í ṣe dídà á kọ, àwọn ọmọ ọmọ yín yóò sì fẹ́ gbọ́ yín. Ẹ kọ́kọ́ sọ fún un lórí rẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti orúkọ yín, bóyá ẹ fẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rọ dà á kọ tàbí ẹ kò fẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ ki ọmọ náà ní oríkì rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí ẹ ṣe máa ń kì í láàárọ̀ kó tó lọ sí ilé ìwé, kí ẹ tó ní kó pa fóònù.